Èdè Tí Ó Kú Tí Ó Tún Jí: Ẹ̀kọ́ fún Alápẹ̀rẹ̀ àti Èkó

Ọ̀rọ̀ tí ètò yìí gbé kalẹ̀ lónìí ni ọ̀rọ̀ èdè: bí èdè ṣe ń kú, bí ó ṣe lè jí, àti ohun tí ó yẹ kí ìdílé Yorùbá tí ń gbé ní Alápẹ̀rẹ̀, Kétu, Ìkòsì àti Mile 12 rí dì mú níbẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mú ẹkún sun. Nítorí náà, òkèèrè ni ọ̀rọ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó darí sílé.

Ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Massachusetts, ni àwọn ẹ̀yà kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Wampanoag. Èdè wọn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ èdè tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ń pè ní Algonquian. Láàrin ọdún 1616 sí 1619, àjàkálẹ̀ àrùn bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn, ó sì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. Ní ọdún 1620, àwọn òyìnbó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí Plymouth, ní orí ilẹ̀ wọn. Òyìnbó ajíhìnrere kan, John Eliot, kọ́ èdè àwọn onílẹ̀ náà, ó sì túmọ̀ Bíbélì sí i pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà tí wọ́n ti mọ̀wé. Ní 1663 ni a tẹ odindi Bíbélì náà jáde. Òun ni odindi Bíbélì àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì kọ́ ni ó wà nínú rẹ̀, bí kò ṣe èdè àwọn onílẹ̀. Àwọn Wampanoag fúnra wọn kọ́ ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Wọ́n fi èdè wọn kọ lẹ́tà, wọ́n fi kọ ìwé ogún, wọ́n sì fi kọ ìwé ilẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wo èdè yìí ní àkókò náà, yóò rò pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fi ìdí múlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1675 sí 1676, ogun ńlá kan ṣẹlẹ̀ láàrin àwọn òyìnbó àti àwọn onílẹ̀, àwọn onílẹ̀ sì pàdánù. Ogun náà nìkan kọ́ ni ó pa èdè yìí. Lẹ́yìn ogun ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lọ́wọ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó di ọmọ-ọ̀dọ̀ ní ilé òyìnbó. Gẹ̀ẹ́sì di èdè kóòtù, ó di èdè ọjà, ó di èdè ilé-ìwé, ó sì di èdè ìwàásù. Òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun rí oúnjẹ jẹ rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀nà. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún yóò fi parí, kò sí ilé kan mọ́ tí a ti ń fi èdè náà tọ́ ọmọ. Bíbélì wà nínú àpótí, ìwé ilẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n ẹnu ti dákẹ́.

Ìbéèrè kan wá dìde níhìn-ín tí ó yẹ kí olúkúlùkù ronú lé lórí. Èdè tí ó ní Bíbélì, tí ó ní àkọtọ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n kà, báwo ni ó ṣe kú? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìwé kì í bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ẹnu ìyá, ẹnu bàbá, ẹnu ẹ̀gbọ́n àti ti aládùúgbò ni ọmọ ti ń gba èdè. Bí ẹnu wọ̀nyí bá yí padà fún ìran méjì tàbí mẹ́ta péré, ìwé yòówù kí ó wà nílé, kò lè dá èdè dúró.

Àwọn kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀yà kékeré nìyẹn, pé kò kan Yorùbá tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ń sọ. Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá pàápàá ti kú rí, ní àwọn ibìkan. Ẹ jẹ́ kí a wo Freetown, ní ilẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni a tẹ àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn olówò ẹrú dó sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Akú ni a ń pè wọ́n níbẹ̀, nítorí ìkíni wọn tí kì í kúrò lórí ‘ẹ kú’: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Láàrin wọn ni iṣẹ́ kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀ ní lẹ́tà tí a ń lò lónìí ti gbilẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther ti jáde; ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè Yorùbá jáde ní 1843, ó sì fi èdè náà ṣe ìsìn ní Freetown ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1844. Lónìí, Kírió ni èdè ilé àwọn àtọmọdọ́mọ Akú. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ṣì wà nínú Kírió, orúkọ Yorùbá sì wà lára wọn, ṣùgbọ́n èdè fúnra rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Ibi tí Yorùbá ti di èdè ìwé náà ni ó ti kú ní ẹnu ọmọ.

Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí òwò ẹrú ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, tí oko ẹrú kò sì parí títí di 1886. Lùkùmí ni a ń pe èdè wọn níbẹ̀. Títí di òní, àwọn olórìṣà ń fi Lùkùmí kọrin, wọ́n ń fi gbàdúrà, wọ́n ń fi ki òrìṣà. Ṣùgbọ́n bí ìsìn bá parí, èdè Sípáníìṣì ni wọ́n fi ń bèèrè omi, òun ni wọ́n fi ń bá ọmọ wí. Ẹ̀sìn pa ọ̀rọ̀ mọ́. Kò lè pa ìfọ̀rọ̀wérọ̀ mọ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sílé. Àwórì ni ọ̀pọ̀ ìlú àtijọ́ tí ó wà ní agbègbè yìí. Bí Èkó ṣe ń gbòòrò ni Ìjẹ̀bú, Ẹ̀gbá, Ọ̀yọ́, Èkìtì, Ìgbómìnà, Igbo àti Hausa ń wọlé dé, tí Alápẹ̀rẹ̀ àti Kétu fi di ibi tí ilé fi ara kan ilé. Ẹni tí ó bá dé ọjà Mile 12, níbi tí tòmátì, ata, àlùbọ́sà àti iṣu ti ń wọlé láti Òkè-Ọya, yóò ṣe akíyèsí ohun kan tí ó ya ni lẹ́nu. Kò ṣòro níbẹ̀ láti bá Hausa tàbí Igbo pàdé tí ó ń fi Yorùbá ná ọjà, tí ó ń fi í ṣe àwàdà, tí ó tilẹ̀ ń fi í pa òwe. Ṣùgbọ́n kò ṣòro pẹ̀lú, ní ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ sí ọjà náà, láti bá ọmọ Yorùbá pàdé tí bàbá àti ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí ó gbọ́ èdè náà ṣùgbọ́n tí kò lè fi dáhùn. Àlejò ń kọ́ èdè onílé nítorí pé ó ń jẹ lára rẹ̀; ọmọ onílé kò kọ́ ọ nítorí pé a sọ fún un pé kò sí oúnjẹ níbẹ̀.

Àmì àìsàn kì í kọ́kọ́ hàn ní ojú. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ó ti ń hàn ni òǹkà. Bí ìyá àgbà bá ní kí ọmọ-ọmọ òun ka ọsàn márùndínlọ́gọ́rin, ọmọ náà yóò máa wo ẹnu rẹ̀, àfi bí ẹnì kan bá sọ iye náà ní Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀, ìṣirò ni orúkọ òǹkà náà: ogún lọ́nà mẹ́rin ni ọgọ́rin, bí a bá yọ márùn-ún kúrò níbẹ̀, ó di márùndínlọ́gọ́rin. Ọmọ tí ó mọ èyí ti mọ ìsọdipúpọ̀ àti àyọkúrò láti ẹnu ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn òǹkà ni orúkọ ewé, orúkọ ẹja, orúkọ ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń ki àgbà ní ìgbà gbogbo. Ẹ̀ka-èdè ni ó tilẹ̀ ń kọ́kọ́ fara gbá a. Yorùbá àjùmọ̀lò àti Yorùbá ìgboro Èkó ti bo Àwórì mọ́lẹ̀ nínú ẹnu àwọn ọ̀dọ́, tí ó fi jẹ́ pé ẹnu àgbàlagbà ni a ti ń wá a. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì wá dójú ẹ̀, ìyá àgbà tí ó ti abúlé wá kí àwọn ọmọ yóò nílò ògbufọ̀ láàrin òun àti ọmọ tí ọmọ rẹ̀ bí. Ìyà ńlá ni èyí fún àgbà, àdánù ńlá sì ni fún ọmọ, nítorí ohun tí àgbà kò lè sọ fún un, kò sí olùkọ́ tí yóò sọ fún un.

Kò tọ́ kí a kàn dá àwọn òbí lẹ́bi. Ìbẹ̀rù ni ó ń darí wọn, ìbẹ̀rù náà sì ní ìdí. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìdánwò, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò fún iṣẹ́, Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé-ẹjọ́. Ní àwọn ilé-ìwé kan, ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì yóò san owó ìtanràn tàbí kí a na án. ‘Fanákúlà’ ni a ń pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Òbí tí ó ń san owó ilé-ìwé pẹ̀lú òógùn ojú kò ní fẹ́ kí a máa jẹ ọmọ òun níyà, nítorí náà yóò mú Gẹ̀ẹ́sì wọ inú yàrá. Ohun tí àwọn òbí rò ni pé àyè kan ṣoṣo ni ó wà ní orí ọmọ, pé bí Yorùbá bá gbà á, Gẹ̀ẹ́sì kò ní rí ibi jókòó.

Ìwádìí ti fi hàn pé èrò yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́, ní Ilé-Ifẹ̀, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ kan fi Yorùbá kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ wọn fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn mìíràn fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí àṣà. Nígbà tí a wo èsì wọn, àwọn tí ó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn sí àwọn yòókù. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa jù wọ́n lọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí rẹ̀ kò ju pé ohun tí ó bá yé ọmọ ní èdè kan, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ó kù fún un láti kọ́ ní èdè kejì.

Ìjọba náà kò tíì dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Ní 1977, ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ sọ pé kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 gbà kí a lo Hausa, Igbo àti Yorùbá nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ nígbà tí ètò bá ti wà fún un. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọwọ́ sí òfin tí ó sọ ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí ìlànà pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kan náà fagi lé e, ó ní kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìsàlẹ̀ títí dé òkè. Ìdí tí Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́ sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò àṣejáde ní àwọn àgbègbè tí a ti ń lo èdè abínibí jù. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Ní Ilé-Ifẹ̀, olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ wà, ìwé tí a kọ fún iṣẹ́ náà wà, èsì rere sì jáde. Bí a bá ní kí olùkọ́ fi èdè kan kọ́ni tí a kò sì fún un ní ìwé tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí ó wá kùnà, ṣé èdè náà ni ó kùnà?

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ àwọn Wampanoag, nítorí ìtàn wọn kò parí sí ibi ikú. Ní ọdún 1993, obìnrin kan láàrin wọn, Jessie Little Doe Baird, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti jí èdè náà. Ó sọ pé òun lá àlá nínú èyí tí àwọn ènìyàn ń bá òun sọ̀rọ̀ ní èdè tí kò yé òun, ó sì wá mọ̀ pé èdè àwọn baba òun ni. Ó lọ sí yunifásítì MIT, ó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Kenneth Hale, ó sì gba oyè ìjìnlẹ̀ kejì níbẹ̀ ní 2000. Bíbélì ti 1663 àti àwọn ìwé ilẹ̀ àti lẹ́tà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Níbi tí ìwé wọ̀nyí bá ti dákẹ́, wọ́n yẹ àwọn èdè Algonquian mìíràn tí a ṣì ń sọ wò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń fi ojú àbúrò mọ ojú ẹ̀gbọ́n tí ó ti kú. Baird fi èdè náà tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti bí i, ọmọ náà sì di ẹni àkọ́kọ́ láti ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí ó gba èdè náà láti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ní 2010, àjọ MacArthur ní Amẹ́ríkà fi ẹ̀bùn ńlá dá Baird lọ́lá. Ní 2016, ilé-ìwé kan bẹ̀rẹ̀ tí a ti ń fi èdè náà kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké.

Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí Yorùbá fi ṣe ìrọ̀rí sùn. Èkíní, ìdákẹ́jẹ́ ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n san kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀ kò sì lè padà wá mọ́. Èkejì, ti Yorùbá yóò nira ju tiwọn lọ, nítorí èdè olóhùn ni. Bí a bá rí lẹ́tà mẹ́ta yìí nínú ìwé tí kò ní àmì, ‘ọkọ’, ta ni yóò mọ̀ bóyá ọkọ tí ó fẹ́ni ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun? Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá láti kékeré ni yóò mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a ń kọ lónìí, lórí pátákó ìpolówó àti lórí fóònù, ni kò ní àmì ohùn. Bí ẹnu bá dákẹ́, ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, nítorí náà ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ Yorùbá, kí wọ́n bá ọmọ wọn sọ Yorùbá, kí wọ́n sì fi ọkàn balẹ̀ pé ilé-ìwé, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n yóò fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ohun mìíràn tí yóò fún un ní Yorùbá bí ilé kò bá fún un. Lẹ́yìn ilé ni ilé-ìwé: kí ìtanràn lórí èdè ìyá dópin, kí a má sì fi iṣẹ́ Yorùbá lé olùkọ́ lọ́wọ́ kìkì nítorí pé ó jẹ́ ọmọ Yorùbá, bí ẹni pé bíbíni ni ìmọ̀. Ẹ̀kẹta, kí èdè náà rí iṣẹ́ ṣe. Bí aláìsàn bá lè fi Yorùbá ka ohun tí a kọ sára oògùn, bí oníṣòwò bá lè fi Yorùbá kọ ìwé sí báńkì, òbí kò ní nílò ìwàásù kankan. Àwọn onímọ̀ ti ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún irú iṣẹ́ báyìí tipẹ́. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ti jáde láti 1984. Ọ̀rọ̀ kò wọ́n. Àyè ìlò rẹ̀ ni ó wọ́n.

Ohun kan sì tún kù tí ìdájọ́ òdodo béèrè. Bí Yorùbá ṣe ń bẹ̀rù Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn èdè kékeré kan ń bẹ̀rù Yorùbá. Ní Àgbádárìgì, Ògù ni èdè àwọn ọmọ onílẹ̀. Ní Mile 12, àwọn ọmọ kan wà tí Hausa jẹ́ èdè ìyá wọn. Ohun tí Yorùbá kò fẹ́ kí a ṣe sí òun, kò yẹ kí ó ṣe é sí ẹlòmíràn. Ọmọ Ògù tí a fi èdè rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì ń jẹ irú ìyà kan náà tí ọmọ Yorùbá ń jẹ nítorí fanákúlà.

Ẹ̀yin olùwòran, èdè kì í kú lọ́jọ́ kan, kì í sì í kú pẹ̀lú ariwo. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan yóò fi Gẹ̀ẹ́sì pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ní ọjọ́ kejì, aládùúgbò rẹ̀ yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè Yorùbá kò tíì dé ibi tí ti Wampanoag dé, ìyẹn sì ni ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúlò, nítorí ìgbà tí ara ṣì le ni a ń wá ìwòsàn. Ìbéèrè tí ó kù fún àwọn tí yóò jíròrò lórí ètò yìí, àti fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ó ń wò ó, kò pọ̀. Ọmọ tí a bí ní Alápẹ̀rẹ̀ lónìí, nígbà tí òun náà bá di òbí, èdè wo ni yóò fi rẹ ọmọ tirẹ̀ lẹ́kún? Òbí rẹ̀ ni ó ń dáhùn ìbéèrè yẹn báyìí, ní gbogbo ìgbà tí ó bá la ẹnu bá a sọ̀rọ̀.